Cortisol 436 tó di 17: ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti láàbù wa ní Àkúrẹ́

Ìwé tí dókítà fi rán màmá náà sí wa kò gùn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé: obìnrin, ọmọ ọdún 58, ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, ojú wíwú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa wo cortisol àárọ̀ (họ́mọ́ọ̀nù kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni cortisol). Agogo mẹ́sàn-án ti kọjá díẹ̀ kí a tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ parí iṣẹ́, ó gbé 436 nmol/L jáde. Mo wò ó, mo fọwọ́ sí i, mo fi ránṣẹ́. Kò sí ohun tó kọ mí lóminú nínú rẹ̀, nítorí iye tí à ń rí lára ọ̀pọ̀ èèyàn láàárọ̀ nìyẹn. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé nínú 436 yẹn, cortisol tòótọ́ kò pé 20.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ láàbù ni mò ń kọ èyí fún, àti ẹ̀yin dókítà tí ẹ ń ka ohun tí a bá fi ránṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀, tèmi ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Oníṣòwò kòkó ni màmá náà, ní Oǹdó. Ó máa ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé, á sá a kó gbẹ dáadáa, á tún kó o fún àwọn oníṣòwò ńlá. Ẹni tó bá rí i kẹ́yìn ní ọdún méjì sẹ́yìn kò ní í tètè dá a mọ̀. Ojú rẹ̀ ti rí róbótó, ọ̀rá ti kó jọ sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, àmọ́ apá àti itan rẹ̀ ń rù. Ìlà tó pọ́n rúsúrúsú wà káàkiri ikùn rẹ̀. Bí nǹkan bá kàn án lára fẹ́ẹ́rẹ́, ibẹ̀ á dápàá. Kò lè dìde lórí àpótí bí kò bá kọ́kọ́ di nǹkan mú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà sì ń kí i kú oríire, wọ́n ní kòkó ọdún náà sanwó, wọ́n ní ara ti gba ìtọ́jú. Ó ní òun náà kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Dókítà rẹ̀ ní Àkúrẹ́ kò gbà. Ó mọ irú ara bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní Cushing ni, ìyẹn ni pé cortisol, tàbí nǹkan tó ń ṣe iṣẹ́ cortisol, ti pọ̀ jù nínú ara fún ìgbà pípẹ́. Ẹran kéékèèké méjì tó jókòó bíi fìlà sórí kíndìnrín, tí à ń pè ní adrenal, ló ń ṣe cortisol. Wọn kì í dá a ṣe láìgba àṣẹ. Láti inú orí ni àṣẹ ti ń wá, ACTH sì ni ìránṣẹ́ tó ń gbé àṣẹ náà wá.

Dókítà wá ní kí màmá gbé dexamethasone, oògùn kan tó ń ṣe iṣẹ́ bíi cortisol, mílígíráàmù 1 mì ní agogo 11 alẹ́, kó sì padà sọ́dọ̀ wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ẹni tí kò ní Cushing bá gbé e mì, orí á rò pé cortisol ti pọ̀ tó, kò ní í rán ìránṣẹ́ mọ́, cortisol àárọ̀ á sì wá sí ìsàlẹ̀ 50. Ti màmá jẹ́ 402. Wọ́n fi yìnyín gbé ẹ̀jẹ̀ ACTH rẹ̀ lọ sí Èkó, èsì ní kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ACTH níbẹ̀ rárá.

Ẹ to ìwọ̀nyí pọ̀ kí ẹ wò ó. Cortisol kò gbọ́ràn, ìránṣẹ́ kò sì sí. Ibi kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ń tọ́ka sí, pé adrenal kan ti ya òmìnira, ó ń ṣe cortisol bó ṣe wù ú. Wọ́n ṣe CT scan. Wọ́n rí kókó kan lórí kíndìnrín òsì, sẹ̀ǹtímítà 1.3, adrenal ọ̀tún sì fẹ́lẹ́. Ìyẹn náà bá ìtàn mu, torí bí ẹnì kan bá ń ṣe iṣẹ́ èèyàn méjì, èkejì á di ọ̀lẹ. Ẹni tó ti ń ta kòkó láti ìgbà ọmọge ni wọ́n wá sọ fún pé ó ní kókó. Màmá rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bá a wá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kókó yẹn. Irú kókó kékeré bẹ́ẹ̀ lórí adrenal kò ṣọ̀wọ́n lára àwọn tó ti lé ní 50 ọdún. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe nǹkan kan. Bí kì í bá ṣe pé scan já lé wọn lórí, ẹni tó ni wọ́n kò ní í mọ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Ẹni tó bá lọ wá kókó, tó sì ní ìdí láti retí rẹ̀, tó bá rí ọ̀kan, ta ni yóò gbà pé kì í ṣe òun ló ń wá?

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé kó má jẹ, kó má mu, kó má gbé nǹkankan mì láti alẹ́ àná. Oníṣẹ́ abẹ fi cortisol kún ohun tó béèrè, bóyá kó kàn ní in lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Èsì jẹ́ 31.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí fóònù mi fi dún. Dókítà kékeré kan ni. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará láàbù ti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ o. Ọ̀gá ń bínú." Mo ní kó fún mi ní wákàtí kan. Mo yẹ orúkọ ara ìgò wò, kò sí àléébù. Mo wo control àárọ̀ ọjọ́ náà, ìyẹn ohun ìdánwò tí a ti mọ iye rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó wà níbi tó yẹ kó wà. Mo tún ẹ̀jẹ̀ náà ṣe, ó ní 33. Ni mo bá ṣí fírísà. A máa ń tọ́jú ìyókù ẹ̀jẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ìgò àkọ́kọ́ àti ìgò ọjọ́ dexamethasone sì wà níbẹ̀. Mo ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. 429. 397.

Ẹ̀rọ kò ṣàìsàn. Ohun tó sọ tẹ́lẹ̀ ló tún sọ. Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kókó wo ló ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí kò gbọ́ ti dexamethasone, tó wá sùn fọnfọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Mo mọ̀ pé Cushing tó ń lọ tó ń bọ̀ wà, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní láàbù mìíràn tó ń lo kíìtì, ìyẹn èlò àyẹ̀wò, ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Mo bu díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí i, mi ò sọ iye tí mo rí fún un. Ó pè mí nírọ̀lẹ́, ó ní 148.

Ibẹ̀ ni mo ti jókòó. Kíìtì sí kíìtì máa ń yàtọ̀ díẹ̀ lórí cortisol, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́ta kọ́. Bí ẹ̀rọ méjì tí kò ṣàìsàn bá wo ẹ̀jẹ̀ kan náà tí wọ́n rí ohun tó jìnnà síra tó báyìí, ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí àwọn méjèèjì rò.

Àwọn ẹ̀rọ tí à ń lò lójoojúmọ́, àǹtíbọ́dì, ìyẹn puroténì tó ń di nǹkan kan pàtó mú, ni ojú wọn. Ọgbọ́n Rosalyn Yalow àti Solomon Berson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Amẹ́ríkà, ló di ohun tí à ń lò títí dòní, Yalow sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1977. Ọgbọ́n ńlá ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n àǹtíbọ́dì kì í wo gbogbo ara mólékù. Apá kan ló ń dì mú, ó sì lè ṣi ẹlòmíràn mú bí apá yẹn bá jọra. Àwọn sítẹ́rọ́ìdì, ìyẹn cortisol àti àwọn ẹbí rẹ̀, jọra púpọ̀, ọmọ ìyá ni wọ́n. Cortisol àti prednisolone, sítẹ́rọ́ìdì kan tí wọ́n ń ṣe bí oògùn, háídrójìn méjì péré ló wà láàárín wọn. Ẹ bá mi wo ìwé pélébé tó wà nínú àpótí kíìtì, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti kéré jù. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti to orúkọ gbogbo ohun tí àǹtíbọ́dì wọn lè ṣì mú síbẹ̀. Prednisolone wà níbẹ̀, nọ́ńbà iwájú rẹ̀ kò sì kéré rárá. Ó ti tó ọdún méjì tí à ń lo kíìtì yẹn. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ kà á dé ibẹ̀.

Mo pe dókítà. Mo bi í bóyá màmá ń lo prednisolone. Ó ní òun ti béèrè, kò lo oògùn kankan yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ṣúgà. Mo yọ fọ́ọ̀mù tiwa náà wò. Ọmọ láàbù wa ti béèrè: "Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn mìíràn?" Ó kọ síbẹ̀ pé: kò sí.

A gbà láti dá iṣẹ́ abẹ dúró, kí a sì gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti lè fi mass spectrometer, ẹ̀rọ tó ń fi bí mólékù ṣe wúwo dá a mọ̀, wò ó. Oníṣẹ́ abẹ kò fẹ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi tí mi ò ní kọ síbí. Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé bí kókó náà bá jẹ́ tòótọ́, èmi ni mò ń fi ìwé kíìtì dá ìtọ́jú aláìsàn dúró.

Kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí mo lè gbé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fún ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà. Láàbù kan lókè òkun la bá ṣe àdéhùn, láti Èkó sì ni wọn yóò ti gbé e. Iná lọ fún ọjọ́ méjì kí ẹni tó ń gbé ẹrù tó dé. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lóru, èmi náà ń kùn. Àánú Ọlọ́run ni pé cortisol kì í ṣe ẹlẹgẹ́ bíi ACTH. Nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti di yìnyín, ó lè dúró pẹ́ láìbàjẹ́. Ìgò mẹ́ta ló lọ, mo kọ ọjọ́ àti wákàtí tí a gba ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára. Owó tí wọ́n dá lé e, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á.

Ọjọ́ kejìlá ni wàhálà dé. Ọmọ màmá pè dókítà ní ìdájí, ó ní ìyá òun ti ń bì láti àná, kò lè dìde, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já gaara mọ́. Wọ́n gbé e dé Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí à ń bá jà látẹ̀yìnwá ti di 80/50. Ṣúgà tó ń ga tẹ́lẹ̀ ti di 2.7. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ibà ni, bóyá oògùn ṣúgà ló sì pọ̀ jù. Ó ní ìdí láti rò bẹ́ẹ̀. Ní ìlú wa níbí, ẹni tó bá ń bì, ibà la kọ́kọ́ ń ro. Dókítà rẹ̀ gangan dé, ó wo màmá àti èmi tí mo gbé ìgò dání, ó ní: "Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Nọ́ọ̀sì, hydrocortisone 100."

Ìdí tí a fi kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ ni pé hydrocortisone àti cortisol, nǹkan kan náà ni. Orúkọ inú ìgò oògùn ni ọ̀kan, orúkọ inú ara ni èkejì. Kò sí mass spectrometer tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀, torí kò sí ohun tí yóò yà. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá ti wọlé, ẹ ti pàdánù ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣan bá ṣòro rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹ gún un lábẹ́rẹ́. A kì í torí ìgò pa aláìsàn.

Wọ́n fún un ní mílígíráàmù 100, wọ́n fa omi oníyọ̀ àti ti ṣúgà sí i lára, wọ́n sì fi 200 mìíràn tẹ̀ lé e láàárín wákàtí 24. Kó tó di ọ̀sán, ó ti jókòó, ó ń béèrè ẹ̀kọ.

Nígbà tí ó ń mu ẹ̀kọ yẹn ni ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tó ń rò ni pé okun tó tán ló fà á. Okun wo? Ó ní okun orúnkún. Ẹnì kan ń tà á fún màmá lọ́jà, àmọ́ ó ti lọ sí òkú ní ìlú rẹ̀, kò tíì dé láti ọjọ́ mẹ́rin. Ó ṣí báàgì, ó mú ìdì bébà kékeré kan jáde, ìwé ìròyìn tí wọ́n gé tí wọ́n ká. Ó ti ṣófo. Ẹ̀fún funfun ló kù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Hóró mẹ́rin ló máa ń wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, funfun mẹ́ta, yẹ́lò kan, ìdì kan láàárọ̀ kí ó tó jáde nílé, ìdì kan lálẹ́. Ó ti ń lò ó fún ọdún kan àtààbọ̀. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí nọ́ńbà NAFDAC.

Mo ní: "Màmá, a bi yín bóyá ẹ ń lo oògùn."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. "Oògùn kọ́ nìyẹn, ọmọ mi. Ẹni tó tà á fún mi ní kì í ṣe oògùn. Okun ni. Orúnkún mi kò dùn mí mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ń lò ó, ṣé oògùn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni?"

Kò purọ́. Ẹ ránti bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ayé. Ní oṣù kẹsàn-án 1948, Philip Hench ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà fún obìnrin kan tí làkúrègbé ti dá mọ́lẹ̀ ní cortisone, láàárín ọjọ́ díẹ̀ obìnrin náà dìde, ó ń rìn. Ní 1950, òun, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein jọ gba Nobel. Prednisolone dé ọjà ní àárín àwọn ọdún 1950. Àwọn dókítà tó kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ìyanu yẹn ló tún kọ́kọ́ rí ojú róbótó. Ẹni tó ń di hóró sínú bébà ní Oǹdó kò nílò láti mọ gbogbo èyí. Ó kàn mọ̀ pé orúnkún á fúyẹ́, oníbàárà á sì padà wá.

Báyìí ni gbogbo rẹ̀ wá tò. Láàárọ̀ tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa ní ìgbà àkọ́kọ́, ó ti gbé ìdì kan mì kó tó wọ mọ́tò. Láàárọ̀ ọjọ́ dexamethasone, bákan náà. Ìgbà tí wọ́n ní kó má gbé nǹkankan mì nìkan ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ òótọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì ní láàbù ṣe àṣìṣe. Adrenal rẹ̀ kò ya òmìnira, ó ti sùn. Ọdún kan àtààbọ̀ ni prednisolone fi ń ṣe iṣẹ́ fún un, ìdí nìyẹn tí ACTH kò fi sí. Bí wọ́n bá ti là á, wọn ì bá yọ adrenal òsì, kí wọ́n sì fi ọ̀tún tó ti fẹ́lẹ́ sílẹ̀ fún un. Mi ò fẹ́ràn láti máa ro ìyókù.

Èsì dé lọ́jọ́ kọkàndínlógún. Ìgò àkọ́kọ́: cortisol 17, prednisolone pọ̀. Ìgò kejì: cortisol 12, prednisolone pọ̀. Ìgò tí wọ́n ní a ṣì ṣe: cortisol 24, prednisolone kò ju fírífírí lọ. Nígbà tí a rán ti ọjọ́ tí wàhálà dé lọ, ó jẹ́ 15, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wà nínú irú ìnira yẹn, ó yẹ kí tirẹ̀ ti ga fíofío.

Màmá ní kí n ṣàlàyé bí ẹ̀rọ kan ṣe ní 436 tí èkejì ní 17. Mo ní: "Ẹ wò ó, Mà, bí ẹ bá ń ra kòkó, ẹ lè fi ojú wò ó nínú àpò, kí ẹ ní ó dára. Tàbí kí ẹ gé e sí méjì, kí ẹ wo inú. Ẹ̀rọ tiwa ń fi ojú wò ó. Tọ̀hún ń gé e."

Ó ní: "Ta ló ń ra kòkó láìgé e?"

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ bó ṣe ń gé e, ẹ gbọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ bu ìwọ̀n cortisol kan sí ẹ̀jẹ̀ náà, èyí tí wọ́n ti fi deuterium, ìyẹn háídrójìn tó wúwo, mẹ́rin rọ́pò háídrójìn mẹ́rin lára rẹ̀. Ó jọ cortisol nínú gbogbo ìwà, àmọ́ ó fi 4 wúwo jù ú lọ. Ohunkóhun tó bá dànù nígbà iṣẹ́, àwọn méjèèjì ló jọ ń dànù lọ́nà kan náà. Wọ́n á wá fi ọ̀kan wọn èkejì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ puroténì kúrò, ẹ̀jẹ̀ á gba inú ọ̀pá tín-ín-rín kan kọjá, sítẹ́rọ́ìdì kọ̀ọ̀kan á sì máa jáde ní àkókò tirẹ̀. Ẹ̀rọ á wá mú èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 363, ìyẹn cortisol tí prótọ́ọ̀nù kan ti lẹ̀ mọ́; á fi gáàsì gbá a kó fọ́, á sì ka èérún tó jẹ́ 121. Ti onídeuterium, 367 sí 121. Ti prednisolone bẹ̀rẹ̀ láti 361.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà lọ́hùn-ún ló kọ̀wé sí mi pé cortisol ìgò àkọ́kọ́ kọ́kọ́ jáde ní 26, òun kò sì fẹ́ràn bí òkè tó yà fún un lórí àwòrán ẹ̀rọ ṣe rí; èjìká kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù inú ayé kì í ṣe irú kan. Bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló fi 1 wúwo ju ìyókù lọ. Nínú mólékù tó ní kábọ́ọ̀nù 21, àwọn kan á ní méjì irú rẹ̀, nítorí náà bí ìdá méjì sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún prednisolone yóò wọ̀n 363 dípò 361. Bí prednisolone bá pọ̀ tí cortisol sì kéré, ìwọ̀nba yẹn tó láti da ìṣirò rú. Ó fa àkókò inú ọ̀pá gùn kí àwọn méjèèjì lè jìnnà síra, cortisol sì wálẹ̀ sí 17. Ó tún rán mi létí pé cortisone tó wà nínú ara gbogbo wa àti prednisolone, C21H28O5 ni àwọn méjèèjì. Ìbejì tí òṣùwọ̀n kan náà ń gbé ni wọ́n, ìwọ̀n nìkan kò lè yà wọ́n. Ọ̀pá yẹn àti èérún tí wọ́n ń fọ́ sí ló ń yà wọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn èèyàn pé mass spectrometer kì í ṣìnà.

Ó tún ní ibi tí kò ríran dé. Ohun tí a bá ní kó wá nìkan ló ń wá. Ká ní dexamethasone nìkan ló wà nínú bébà yẹn, kíìtì wa kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Cortisol á kàn jáde ní kékeré, mass spectrometer náà á sì ní kékeré ni lóòótọ́, láìsọ ẹni tó fà á, àfi bí a bá béèrè àwọn sítẹ́rọ́ìdì tí èèyàn ń ṣe ní dárúkọdárúkọ. Bákan náà ni àwọn ìpara tí ń bóra tí wọ́n po sítẹ́rọ́ìdì bíi clobetasol tàbí betamethasone mọ́. Wọ́n ń gba awọ ara wọlé, wọ́n sì lè mú adrenal sùn, láìsí hóró kankan lẹ́nu.

Wọ́n fi hydrocortisone oníhóró lé màmá lọ́wọ́, wọ́n ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá adrenal ti ń jí, a máa ní kó fo hóró ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú àti ti àárọ̀ títí a ó fi gba ẹ̀jẹ̀, kó sì gbé e mì kíá bí a bá ti yọ abẹ́rẹ́. Ní oṣù kẹrin ó jẹ́ 64, ní oṣù kẹsàn-án 151, ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún 327. Kíìtì tiwa la fi ṣe àwọn yẹn o. Níwọ̀n ìgbà tí prednisolone kò bá sí níbẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Ojú rẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà. Wọ́n tún scan náà ṣe, kókó náà wà níbẹ̀, kò dàgbà, wọ́n fi í sílẹ̀. Orúnkún ṣì ń dùn ún, ó sì máa ń fi ẹ̀bi rẹ̀ kàn mí.

Fọ́ọ̀mù wa ti yí padà. A kì í béèrè mọ́ pé ṣé ẹ ń lo oògùn. À ń béèrè pé: láti àná di ìsinsìnyí, kí ni ẹ gbé mì, kí ni ẹ mu, kí ni ẹ fi para, títí kan èyí tí wọ́n ní kì í ṣe oògùn? Aago mélòó ni? Ọmọ láàbù kan ṣàròyé pé ìbéèrè náà gùn jù, pé àwọn èèyàn á tò kalẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń tò lóòótọ́. Bí dókítà bá sì sọ pé èsì kò bá aláìsàn mu, a kì í dá a lóhùn pé ẹ̀rọ wa kò ṣàìsàn. À ń gbé ẹ̀jẹ̀ náà fún kíìtì mìíràn, a sì ń fi ìgò kan pamọ́ sínú fírísà kó má jẹ́ pé a ní kí á rán an lọ, kò sí ohun tí a ó rán.

Èsì 436 ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà wa, torí kò gbà kí a pa nǹkan rẹ́. Mo ṣí i padà, mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé prednisolone ló pọ̀ jù nínú nọ́ńbà yìí, cortisol tí mass spectrometer rí jẹ́ 17, mo kọ ọjọ́, mo fọwọ́ sí i. Mo tẹ ẹ̀dà kan fún dókítà. Màmá ní kí n tẹ tòun náà. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sáàárín ìwé tó fi ń kọ gbèsè àwọn àgbẹ̀ oníkòkó, ó sì lọ wọ mọ́tò Oǹdó.